Àánú tí mò ń ṣe hibiscus mi ni kò jẹ́ kó tanná

Ọdún méjì gbáko ni mo fi bomi rin igi òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní hibiscus, tó jẹ́ pé ewé lásán ló mọ̀ ọ́n yọ. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó ga jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó lè tó oṣù kan kí n tó rí òdòdó kan ṣoṣo lórí rẹ̀ lókè téńté. Mo rò pé ebi ló ń pa á, mo bá ń da ajílẹ̀ sí i. Àṣé náítírójìn tó pọ̀ nínú ajílẹ̀ yẹn ló ń sọ gbogbo okun rẹ̀ di ewé.

Orí ọ̀mùnú tuntun ni hibiscus ti ń tanná, bí a bá sì gé ẹ̀ka rẹ̀ ló ń yọ ọ̀mùnú bẹ́ẹ̀. Èmi sì rèé, mi ò lè gé e, àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Níkẹyìn, mo pọ́n ọ̀bẹ kó mú dáadáa, mo fi sípíríìtì nù ún, mo gé ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ sókè ojú tó kọ síta, ìyẹn ibi tí ọ̀mùnú ti máa ń yọ lára ẹ̀ka. Ó rí gọ́ńgọ́, ọkàn mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ojú yẹn wú, wọ́n là, ẹ̀ka kan sì di méjì, òmíràn di mẹ́ta. Iye orí ẹ̀ka yẹn ṣe pàtàkì, nítorí òdòdó hibiscus sábà máa ń lo ọjọ́ kan péré ni, bíi ti ilá tó jẹ́ ìbátan rẹ̀: á là láàárọ̀, á ti ká jọ kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn ti ń pa á fún wákàtí 6, ó kéré tán. Ní ti omi, bí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú, tí ẹ wá rọ omi lé e lójijì, ìrudi á re kó tó là. Ìka ni mo máa ń tì bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ibẹ̀ bá gbẹ ni mo tó ń bomi rin ín.

Bí ẹ bá rí èèrà tó ń gùn ún lọ gùn ún bọ̀, ẹ yí abẹ́ ewé wò. Kòkòrò funfun bí òwú lè wà níbẹ̀ tó ń fa oje rẹ̀ mu. Ohun dídùn tí kòkòrò náà ń yà ni èèrà wá lá. Omi ọṣẹ díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́.

Mi ò da àwọn ẹ̀ka tí mo gé nù. Mo mú mẹ́fà, bíi 15 cm níkọ̀ọ̀kan, mo já ewé wọn ku méjì méjì, mo rì wọ́n sínú iyanrìn tútù lábẹ́ ìbòòji. Mẹ́rin ta gbòǹgbò. Mo ka ìrudi orí ọ̀kan nínú wọn láàárọ̀ yìí: 11.