Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́: Ọwọ́ Iná Lára Ford 1932

Mọ́dẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ Ford ọdún 1932 tí mo ń tò ti kúrò ní ìpele àtòpọ̀ báyìí, ó sì ti dé ibi tí ọkàn mi ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni kíkun ọwọ́ iná sí i lára. Ilé-iṣẹ́ Revell ló ṣe àwọn ẹ̀yà ike rẹ̀ ní ìwọ̀n 1/25. Láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ọkọ̀ gidi náà gùn ní ínṣì 106. Tèmi kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.

Mo yan ọkọ̀ yìí nítorí pé òun gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ gúúsù California fi sọ hot rod, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí a tún ṣe kí ó lè sáré sí i, di nǹkan ńlá. Ọdún 1932 ni Ford kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnì V8, ìyẹn ẹ́ńjìnì oní sìlíńdà mẹ́jọ, jáde ní iye tí mẹ̀kúnnù lè san, nígbà tó sì yá, àlòkù rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Àwọn ọ̀dọ́ a ra àlòkù náà, wọn a tú mọ́gáàdì rẹ̀ kúrò kí ó lè fúyẹ́, wọn a tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, wọn a sì gbé e lọ sórí àwọn adágún gbígbẹ bíi Muroc àti El Mirage láti lọ wo bí eré rẹ̀ ti tó. Ní 1937, àwọn ẹgbẹ́ wọn para pọ̀ dá SCTA (Southern California Timing Association) sílẹ̀, tí ó ń ṣètò eré ní El Mirage títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún 1950 ni ọwọ́ iná gbilẹ̀ lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n sì máa ń dárúkọ jù lọ nídìí rẹ̀ ni Kenneth Howard (1929–1992), tí ayé mọ̀ sí Von Dutch, ọmọ ọkùnrin kan tó ń fi kíkọ pátákó ìpolówó ṣe iṣẹ́ ṣe ní Los Angeles.

Èrò kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi dán wò nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọ̀ pupa àti yẹ́lò tó ń tàn yòò ló jẹ́ kí ọwọ́ iná wu ènìyàn títí di ìsinsìnyí. Èmi gbà pé ìlà rẹ̀ ni, pàápàá àlàfo tí ayàwòrán fi sílẹ̀ láàárín ahọ́n iná kan àti èkejì.

Ara ọkọ̀

Mo fín ọ̀dà ìsàlẹ̀ eléérú sí i, mo fín dúdú dídán lé e, nígbà tí ó sì gbẹ dáadáa, mo fi sáńpépà olómi tí ojú rẹ̀ kúnná gan-an pa dídán rẹ̀ kúrò ní ibi tí iná yóò wà, nítorí pé ọ̀dà kì í di ojú dídán mú. Dúdú ni mo mú nítorí ọkọ̀ Tom McMullen, Ford 1932 dúdú tí wọ́n ya ọwọ́ iná sí lára, tí àwòrán rẹ̀ wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Hot Rod ti oṣù kẹrin ọdún 1963. Mo ti wo àwòrán ọkọ̀ yẹn títí. Dúdú tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín iná náà kò kéré rárá, iṣẹ́ tó sì ń ṣe nínú àwòrán náà kò kéré sí ti iná fúnra rẹ̀.

Téèpù

Ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Ẹni tó ń ya ọwọ́ iná sára ọkọ̀ gidi sábà máa ń lo téèpù ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ tó mìlímítà 3, nítorí pé téèpù onípépà máa ń sunjọ bí a bá fẹ́ fi rọ kọ́rọ̀. Bí mo bá lo irú rẹ̀ lára ọkọ̀ tèmi, bí ẹni ń fi téèpù oní sẹ̀ǹtímítà 7 àbọ̀ yàwòrán sára ọkọ̀ gidi ni yóò rí. Èyí tí ìbú rẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ ni mo wá mú.

Ọwọ́ òsì mi di téèpù náà mú, àtàǹpàkò ọ̀tún sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ bí ó ti ń jáde. Ojú kò gbọdọ̀ wà níbi tí àtàǹpàkò wà; ibi tí ìlà ń lọ ni kí ojú ti lọ dúró dè é. Bí a bá tẹjú mọ́ àtàǹpàkò, ìlà náà yóò máa ṣẹ́ ní kéékèèké, yóò sì hàn gbangba nígbà tí ọ̀dà bá dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ojú bá ṣáájú, ọwọ́ á tẹ̀ lé e, ìlà á sì yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Láti imú bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ahọ́n kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ó ti sanra. Ó rọra gòkè, ó tún rọra sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tín-ín-rín lọ títí ṣóńṣó rẹ̀ fi parí lórí ilẹ̀kùn. Mo jẹ́ kí gígùn wọn yàtọ̀ síra, nítorí pé iná tí gbogbo ahọ́n rẹ̀ bá parí lójú ìlà kan náà a máa dà bí ọgbà tí a gé. Àlàfo tó wà láàárín wọn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdí roboto níwájú, kí ó fún díẹ̀ láàárín, kí ó sì tún ṣí sílẹ̀ bí ó ti ń lọ sẹ́yìn. Bí ìdí àlàfo bá ní igun, gbogbo iná náà á gan, kò ní jọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ mọ́. Ìdí roboto níwájú àti ṣóńṣó lẹ́yìn ló ń sọ fún ojú pé afẹ́fẹ́ ń ti iwájú bọ̀, ìdí sì nìyí tí ọkọ̀ tó dúró sójú kan fi ń jọ èyí tó ń sáré.

Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́ mi lọ́rùn, mo gbé pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, mo fi pẹ́ńsù tọ ipasẹ̀ ìlà náà, mo fi abẹ́rẹ́ lu ihò tẹ̀ lé ìlà, mo yí pépà náà padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo sì fi ẹfun lílọ̀ pa á lójú. Àmì funfun wínníwínní tí ẹfun fi sílẹ̀ ni mo tẹ téèpù lé. Ọgbọ́n àwọn tó ń kọ pátákó ni èyí, ó ti wà kí hot rod tó dáyé. Ibi tó le jù ni ojú àwọn ihò ìmí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí téèpù ti ń fò láti orí kan dé èkejì tí ọ̀dà sì lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Mo fi ẹnu igi ìtayín tẹ téèpù wọ inú kòtò ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀dà

Yẹ́lò kò lè bo dúdú. Àwọ̀ ewé gbígbẹ ni yóò dà bí a bá fín in sórí rẹ̀ tààrà. Nítorí náà, funfun ló kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, yẹ́lò tẹ̀ lé e láti imú dé ṣóńṣó, lẹ́yìn náà ni mo fi airbrush, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà, fín àwọ̀ ọsàn láti àárín lọ sẹ́yìn, mo sì fi pupa kan ṣóńṣó nìkan. Gbogbo rẹ̀ fẹ́lẹ́, kí etí ọ̀dà má baà ga. Mo ṣí téèpù náà kí ọ̀dà tó gan, mo ń fà á padà sórí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí mo ti ń dúró kí ó gbẹ, mo tún ronú lórí àwọn ayàwòrán tó yí àwọ̀ iná padà pátápátá tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣì í mọ̀. Larry Watson (1938–2010) fà á gùn, ó mú un tín-ín-rín, ó sì sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń pè ní ọwọ́ iná ewéko òkun. Àwọn mìíràn fi ọ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ara ọkọ̀ mu ya tiwọn, tí kò fi ní hàn àfi bí oòrùn bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́. Kò sí pupa, kò sí yẹ́lò níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá rí i mọ̀ pé iná ni. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Mattel sì gbé ọkọ̀ ìṣeré Hot Wheels jáde ní 1968, ọwọ́ iná yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀, débi pé ọmọdé tí kò rí hot rod rí láyé mọ ìlà náà dájú.

Ìlà etí

Lára ọkọ̀ gidi, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ọ̀kẹ́rẹ́ fà yí etí iná ká a máa bo ibi tí ọ̀dà méjì ti pàdé. Ìlà oní mìlímítà 3 yóò di 0.12 ní ìwọ̀n tèmi, ìyẹn kò sì ju irun orí kan lọ. Mo pinnu pé kí tèmi sanra ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìlà tí a kò lè rí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo lò: lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ọsàn, ó mú kí etí iná náà mú ṣáṣá, ó sì tún ya dúdú inú àlàfo sọ́tọ̀ gedegbe. Ẹ̀gbẹ́ òsì ti parí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló kàn, lẹ́yìn náà ni fáníìṣì tí kò láwọ̀, kí n tó gbé ẹ́ńjìnì sínú rẹ̀. Láti ilẹ̀kùn dé ẹ̀yìn, dúdú ni yóò wà. N kò ní ya ohunkóhun síbẹ̀, kí iná náà lè ní ibi tí yóò sá lọ.