Àwọn ológbò ẹ̀yìnkùlé wa

Ọjọ́ kẹta tí mo ti ń gbọ́ igbe tín-ín-rín lábẹ́ igi máńgòrò wa ní Tanke ni mo tó rí wọn: ọmọ ológbò mẹ́rin nínú ewé gbígbẹ, ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Mo ti fẹ́ kó wọn wọlé, Àlàájà tá a jọ ń gbélé ní, "Fi wọ́n sílẹ̀ ná, ìyá wọn wá oúnjẹ lọ ni." Lóòótọ́, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Mọ̀gáríbì báyìí, ìyá fò wọlé láti orí fẹ́ǹsì. Ó ti rù hangogo.

Ẹnì kan ní kí n da omi gbígbóná lé wọn lórí, pé àjẹ́ ni. Ó dùn mí dọ́kàn. Ẹ̀dá Ọlọ́run mà ni wọ́n!

Mo lọ bá dókítà ẹranko. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fún wọn ní mílíìkì màlúù, ìgbẹ́ gbuuru ló máa fà. Ìyá ni kí n máa gbé ẹja àti omi fún. Tí àwọn ọmọ bá pé oṣù 3, kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ìyá náà nílò iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́, torí ó lè lóyún kí àwọn ọmọ tó já lẹ́nu ọmú.

Àlàájà ti ní òun máa mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, torí eku ń dà á láàmú. Ó ku mẹ́ta. Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ta ló ní kéèjì tí mo lè yá, kí n fi mú ìyá wọn?