Ẹ ṣẹ́ iṣẹ́ yín fúnra yín kó tó ṣẹ́ mọ́ oníbàárà lẹ́sẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí wẹ́dà ọ̀kadà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà bíi tèmi, tí ọ̀gá yín ti ń jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ò tíì pé oṣù méjì, ó ṣì ń dùn mí dọ́kàn. Mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà tó ṣì gbóná, torí bó bá tutù tán, mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í bo àṣírí ara mi.

Ọ̀kadà ni mò ń gùn n'Íbàdàn kí n tó di ọmọ iṣẹ́. Káríà tó já, gáàdì tó wọ́, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni èrè ọjọ́ mi ń lọ, ni mo bá ní kí n kúkú kọ́ iṣẹ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù tiwa kì í ṣe géètì, a kì í sì í ṣe irin ojú fèrèsé. Ti ọ̀kadà nìkan la mọ̀: káríà gígùn tí wọ́n fi ń kó tòmátì àti èlùbọ́ láti Bódìjà, férémù tí àwọn dìsípáàṣì ń gbé àpótí wọn lé, gáàdì iwájú, irin tí wọ́n ń ki agboòrùn bọ̀, ibi tí èrò ẹ̀yìn ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ara ọ̀kadà gan-an la ti ń wọn gbogbo ẹ̀, torí Boxer ò rí bíi TVS, ẹni tó ń ru àpò èlùbọ́ àti ẹni tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé ò sì lè lo irú káríà kan náà.

Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, jíjó mi, ìyẹn ojú ibi tí mo ti fi iná lẹ irin pọ̀, ti dára lójú. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: kí ẹ fi òòlù kan ìdàrọ́, èépá dúdú tó máa ń bo ojú jíjó, lẹ́ẹ̀kan, kó ṣí kúrò lódindi, kí ẹ wá rí i tí jíjó náà tò tẹ̀léra bí ìpẹ́ ẹja. Àwọn tó ṣáájú mi nídìí iṣẹ́ ń pe ara wọn wá wò ó. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo gbé e sórí WhatsApp.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni bàbá náà dé. Irin tí èrò ń gbẹ́sẹ̀ lé lápá òsì Boxer ẹ̀ ti já, ó sì fẹ́ òmíì tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ọmọ ẹ̀ obìnrin tó máa ń gbé lọ síléèwé láràárọ̀. Ọ̀gá mi lọ síbi ìsìnkú l'Ọ́yọ̀ọ́. Mo pè é lórí fóònù, ó ní kí n sọ fún bàbá kó padà wá ní Sátidé. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó, mo lè ṣe é." Ẹ má sọ pé ojúkòkòrò ni. ₦4,000 ni gbogbo owó náà, ọ̀gá mi ni mo kó o fún pé pérépéré. Ọjọ́ kẹta rèé tí ọmọ yẹn ti ń so ẹsẹ̀ dòòrò lọ síléèwé, àánú ẹ̀ ló ṣe mí.

Iná NEPA ọjọ́ náà ò lágbára. Gílóòbù ṣọ́ọ̀bù pọ́n bí ẹyinná. Electrode, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná ń yọ́ sójú ibi tí à ń jó, gééjì 10 ẹ̀ tó yẹ kí n fi jó irin tó nípọn bẹ́ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fà á já. Dípò kí n tan jẹnẹrétọ̀, mo ki gééjì 12 bọ̀ ọ́, torí òun tínínrín, iná kékeré tó wà á tó o. Ó jó lóòótọ́. Àmọ́ ara férémù àlòkù kan tí wọ́n ti kùn lọ́dà pupa ni mo ti gé irin pẹlẹbẹ tí mo lò, mi ò sì ha á. Mo ní iná á jó ọ̀dà náà dànù fúnra ẹ̀. Orí ọ̀dà náà ni mo tún fi ẹ́ẹ̀tì, kílíìpù tó ń dá iná padà sínú ẹ̀rọ, há.

Nígbà tí mo ṣe tán, ó rẹwà. Mo fi fílíńgì, ẹ̀rọ tí a fi ń ra irin, ra á, mo fín ọ̀dà dúdú sí i. Bàbá gbẹ́sẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ògún ò ní mu ẹ̀jẹ̀ ẹ, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Ajé, a ò tíì kó ẹrù síta tán nígbà tí mo rí i tó ń ti ọ̀kadà ẹ̀ bọ̀. Kò gùn ún. Ọmọ náà ń tiro lẹ́yìn ẹ̀ nínú aṣọ iléèwé, sọ́kìsì funfun ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ ti pupa, kò sì sí bàtà lẹ́sẹ̀ náà. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Kòtò ni wọ́n bọ́ sí. Ẹ mọ bí èrò ẹ̀yìn ṣe máa ń fẹsẹ̀ tẹ irin láti gbé ìdí sókè tí ọ̀kadà bá fẹ́ wọ kòtò. Ohun tí ọmọ náà ṣe nìyẹn, irin mi sì já lábẹ́ ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, táyà fa bàtà yọ, ó bó awọ kókósẹ̀ ẹ̀. Ká ní eré ni bàbá ń sá ni...

Bàbá ò pariwo. Ká ní ó gbá mi létí, ara ì bá tù mí. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ irin náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi wo ibi tó ti já."

Mo wò ó. Ojú ibi tó ti já ń dán bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ. Ìdàrọ́ dúdú sùn sí igun kan bí èédú. Ihò wẹ́wẹ́ wà káàkiri inú ẹ̀ bíi ti kànrìnkàn. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tó yẹ kí irin méjèèjì ti yọ́ di ọ̀kan, ọ̀dà pupa yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Etí ẹ̀ ti jó dúdú, àárín ẹ̀ pupa. Gbogbo ìpẹ́ ẹja tí wọ́n ń pe ara wọn wá wò, orí ọ̀dà ló jókòó sí. Irin méjèèjì ò bára wọn pàdé rí.

Mo gbójú sókè, ọmọ náà ń wo ọwọ́ mi. Kò sunkún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ forí jì mí." Bàbá ní kí n dìde ká gbé ọmọ lọ sọ́sibítù. Wọ́n fọ ojú egbò, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Egungun ò ṣẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀gá mi dé, ó gbọ́, kò nà mí. Ó dá owó bàbá padà, ó ṣe òmíì fún un láìgba kọ́bọ̀, ó sì ní mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àlòkù irin ni mò ń jó tí mo ń ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà pé, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbé dání nínú gbogbo ẹ̀: ẹ ṣẹ́ iṣẹ́ yín fúnra yín. Kí ẹ tó jó ohun tí èèyàn máa jókòó lé tàbí gbẹ́sẹ̀ lé, ẹ gé irin méjì lára èyí tí ẹ fẹ́ lò gan-an, kó nípọn bákan náà. Ẹ gbé ọ̀kan dúró lórí èkejì, ẹ jó ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí iná àti electrode jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀, ẹ má da omi sí i. Ẹ wá há a mọ́ fáìsì, irin tó ń di nǹkan mú lórí tábìlì iṣẹ́, kí ẹ fi òòlù lù ú láti ẹ̀yìn, kó lè wó sórí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ jó, kí ìdí jíjó náà lè là. Bí irin náà bá wọ́ kó tó ya, tí inú ibi tó ya bá rí hánhàn-hánhàn bí irin gidi, ó mú. Bó bá ṣí pẹ́kẹ́ bí ìdérí ìkòkò, tí ẹ bá rí dúdú tàbí dídán nínú ẹ̀, ẹ má tíì pe oníbàárà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mi ò lò fún ọmọ yẹn.

Ẹ ha ọ̀dà, ẹ ha ìpẹtà, títí irin á fi funfun, níbi tí ẹ fẹ́ jó àti níbi tí ẹ́ẹ̀tì máa bù jẹ. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo tún ń sọ ọ́. Iná ò ní bá yín jó ọ̀dà dànù.

Bí electrode tó yẹ bá ń lẹ̀, iná ni kò tó. Ẹ wá iná tó tó, ẹ má wá electrode kékeré. Nínú ẹ̀rọ tiwa, gééjì 12 máa ń ṣe dáadáa ní nǹkan bí áńpì 80, gééjì 10 ń fẹ́ bí áńpì 110. Lára páìpù ọ̀kadà tó fẹ́lẹ́, ẹ dojú iná kọ irin tó nípọn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣàn wá bá èyí tó fẹ́lẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa dá a lu. Ẹnìkan á ní ọ̀gá ló yẹ kó ti kọ́ mi ní gbogbo èyí. Ó kọ́ mi. Mo gbọ́, mi ò tíì gbà á gbọ́ ni.

Ẹ yọ okùn bátìrì kí ẹ tó jó nǹkankan lára ọ̀kadà. Ẹ fi ẹ́ẹ̀tì há ìtòsí ibi tí ẹ ń jó, kí iná má gba inú bíárìnì táyà kọjá. Táńkì epo bẹntiróòlù, kódà bó ti gbẹ láti ọdún tó kọjá, ẹ má jó o. Páìpù omi tí wọ́n fi síńkì bò, èéfín funfun ẹ̀ máa ń dá ibà síni lára lálẹ́. Ẹ má sì wo iná náà lójú lásán nítorí pé ẹ kàn fẹ́ táàkì, ìyẹn kí ẹ jó irin pọ̀ díẹ̀ kó lè dúró: mo ṣe é lóṣù kejì mi, nígbà tó di òru, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bu iyanrìn gbígbóná sí mi lójú, mi ò rí ìmọ́lẹ̀ wò títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyẹn, ẹ má gbàgbé fáìsì àti òòlù. Ọ̀la ni mo fẹ́ ṣe káríà fún ọlọ́kadà kan láti Mọ́níyà, irin tí mo máa kọ́kọ́ ṣẹ́ ti wà nílẹ̀.

Bàbá náà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù lánàá. Ọmọ ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí irin. Ó juwọ́ sí ọ̀gá mi. Èmi náà juwọ́, mi ò mọ̀ bóyá ó rí mi.