Wọ́n Ń Fa Igi Fọ́kọ, Wọ́n Ń Bá Mi Kẹ́dùn Ọmọbìnrin

"Má ṣèyọnu, Ọlọ́run á fún ẹ ní ọkùnrin." Ìyá àgbà kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, nílé aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ Gujarat ní Íńdíà, nígbà tí mo ní obìnrin ni ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́bí mi dúró tì mí. Ó gbọ́ ọ ketekete.

Ibi tó ti sọ ọ́ ló dùn mí jù. Ìgbéyàwó la wá ṣe. Igi tulsi, tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kà sí òrìṣà obìnrin, ni ìyàwó. Ọdọọdún, ní October tàbí November, ni wọ́n ń fà á fún òrìṣà wọn Vishnu; òkúta dúdú tí wọ́n ń pè ní shaligram ló sì máa ń dúró fún ọkọ. Wọ́n fi ìrèké ṣe àtíbàbà lé igi náà lórí, wọ́n wé sárì pupa mọ́ ọn. Ìyá àgbà yẹn gan-an ló ń fi ẹ̀gbà kọ́ ẹ̀ka rẹ̀, jẹ́jẹ́, kí ewé kan má baà já. Kò sí alága ìdúró, kò sí alága ìjókòó, síbẹ̀ ayẹyẹ náà dùn. Bí mo ṣe sún mọ́ ìyàwó, òórùn kan ta sánsán sí mi nímú, àfi bíi pé mo wà níwájú ìkòkò ọbẹ̀ ìyá mi. Ẹbí kan náà ni tulsi àti efínrín wa.

Wọ́n ní tọkọtaya tí kò bá bí obìnrin lè fi tulsi ṣe ọmọ, kí wọ́n lè gba èrè ẹni tó fa ọmọ fọ́kọ. Èmi tí mo bí mẹ́ta, ìkẹ́dùn ni tèmi!

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín ní Íńdíà. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7, ọmọbìnrin ò tó 920 sí ọmọkùnrin 1,000. Wọ́n ń ṣẹ́ oyún tí wọ́n bá ti mọ̀ pé obìnrin ni, débi pé láti 1994 ni òfin ti ka irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ẹrù tí ilé ìyàwó ń kó fún ilé ọkọ ló dá kún un; òfin ti dè é láti 1961, wọn ò jáwọ́.

Ṣùgbọ́n abúlé Piplantri wà ní Rajasthan. Shyam Sundar Paliwal ni olórí abúlé náà nígbà kan; ọmọbìnrin rẹ̀ kú. Látìgbà náà, bí wọ́n bá ti bí obìnrin, igi 111 ni wọ́n ń gbìn fún un. Ará abúlé á dáwó sí báńkì lórúkọ rẹ̀, òbí á sì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ò ní fún un lọ́kọ kó tó pé ọdún 18. Irú igi tí mo fẹ́ nìyẹn: ọmọ tó wà láàyè ló ń jẹ èrè rẹ̀.

Mi ò lè bínú sí ìyá àgbà nìkan, torí lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ìyá ọkọ mi fi ohùn ránṣẹ́ láti Ìbàdàn lórí WhatsApp: "Ìyàwó mi, àrólé ńkọ́?"

Màmá, mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n ń kí yín.