Kọ́kọ́rọ́ tuntun ni mo mú wá síwájú Olúwa

Ẹ bá mi yin Olúwa! Mo mọ̀ pé ẹ̀rí tí ẹ ń retí lẹ́nu mi ni pé ọmọ mi ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn olóró pátápátá. Ìyẹn ṣì ń bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni mo wá dúpẹ́ fún lónìí.

Obì ni mò ń tà ní Ṣàgámù. Àkọ́bí mi, ẹni ọdún 31, ló máa ń bá mi ṣa obì láti kékeré. Ojú ẹ̀ máa ń tètè tó gbàǹja tí kòkòrò ti jẹ, ju tèmi lọ. Tramadol ló kọ́kọ́ dé, ó ní kí ara má ro òun ni. Ó kan oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine. Nígbà tí ìjọba fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọ̀lú ní 2018, mo jó nínú ilé. Àṣé Colorado, ewé tí wọ́n fi kẹ́míkà sí tí wọ́n ń fà bí igbó, ń bọ̀ lẹ́yìn.

Owó obì bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ó ta jẹnẹrétọ̀. Ó ta aṣọ ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó bá jẹ gbèsè, èmi ni mò ń san. Wọ́n bá tì í mọ́lé, èmi ni mò ń lọ bẹ̀bẹ̀. Tí bàbá ẹ̀ bá sọ̀rọ̀, màá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Owó mi ló sì ń ra oògùn o. (Ẹ̀yin ìyá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.)

Lálẹ́ ọjọ́ kan, nítorí owó àjọ tí kì í ṣe tèmi, ó ti bàbá ẹ̀ lulẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo pe kápẹ́ńtà, ó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Mo wí fún ọmọ mi pé: "Oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n bí oògùn bá wà lójú ẹ, ìta lo ti máa jẹ ẹ́. Owó ò sí. Mi ò san gbèsè mọ́. Ọjọ́ tó o bá ṣe tán láti lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn Àrò, màá tẹ̀ lé ẹ."

Ó ní, "Màmá, ẹ ti kọ̀ mí."

Abẹ́ ìsọ̀ ló sùn fún òru mọ́kànlá. Lóru kẹrin, òjò rọ̀ mọ́jú. Àdúrà ò wá sí mi lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ìdí ilẹ̀kùn, tí mo padà. Àwọn kan ní kí n mú un lọ sórí òkè àdúrà, kí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, mo kọ̀. Àwọn mìíràn ní òkúta ló wà láyà mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá, ó ní, "Màmá, Àrò yẹn, ìgbà wo la máa lọ?" A gba ọ̀nà Ṣíún lọ sí Abẹ́òkúta.

Ó ti jáde báyìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ní Ìpẹru ló ń gbé. Ó tún padà sídìí oògùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó kan ilẹ̀kùn, ó dúró títí mo fi ṣí i. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ẹ̀. Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́, ó fọ abọ́, ó bá mi ṣa apẹ̀rẹ̀ obì kan. Kò tọrọ kọ́bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi jó sí i!