Faransé mi lọ́jà Agbálátà

Ìyá alágbọn kan àti oníbàárà rẹ̀ láti Kútọnu ń nájà lánàá ní Agbálátà, Àgbádárìgì níbí, owó ò sì bára mu. Èmi tí mo ka ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè, tí mo lo ọdún kan ní Dakar, mo ní kí n fi Faransé bá wọn dá sí i. Màmá bú sẹ́rìn-ín: “Ọmọ mi, Ègùn la ń sọ látàárọ̀!”

Ojú tì mí. Ṣebí Wolof ni mo fi ń ra ẹja ní Dakar, kíláàsì ni Faransé wà fún.

Àmọ́ Faransé yẹn ló fún mi níṣẹ́ o. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Pọtogí ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ń lò, nítorí náà àwọn tó gbà mí ò bi mí ní tíọ́rì ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè kankan. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ni wọ́n ní kí n fi Faransé kọ.

Mo ra àgbọn mẹ́ta. Màmá fi ọ̀kan ṣe ènì.