Àyẹ̀wò ọdún mi: ṣọ́ọ̀bù tí bàálé mi lè dá lọ

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tó ṣe wá lóore jù lọ́dún tó ń lọ yìí, lẹ́yìn ìlera, ṣọ́ọ̀bù ni mo máa dárúkọ. Ọmọ-ọmọ wá kí wa, a rìnrìn àjò, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún yìí ni bàálé mi fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ò wa ọkọ̀ mọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, pé eré táwọn èèyàn ń sá níbẹ̀ ti ju agbára àwọn lọ. Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ àgbà tó jẹ́ pé ìgbà tí wọn ò lè dá jáde mọ́ ni oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ mọ́, tí ọ̀rọ̀ sì ń tán lẹ́nu wọn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún wa, ibi tí à ń gbé ló sì fà á. The Villages ni, láàárín Florida, ìlú àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tó tàn dé kọ́ńtì mẹ́ta (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa ni): Sumter, Lake àti Marion. Ọdún 1992 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ yìí. Orange Blossom Gardens ni wọ́n ń pe ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín 2010 sí 2020, kò sí agbègbè ìlú ńlá kankan ní Amẹ́ríkà tó yára dàgbà tó o: àwọn ará ibẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 93,000, wọ́n di nǹkan bí 130,000.

Golf cart, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń wà lórí pápá gọ́ọ̀fù, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gùn kiri. Wọ́n la ọ̀nà tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó ń gba abẹ́ títì ńlá kọjá, ó sì ń gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Òfin Florida kò béèrè láísẹ́ǹsì awakọ̀ lọ́wọ́ àgbàlagbà tó ń wa golf cart, káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba fún un ti tó. Ohun tó lè sá ju 20 máìlì lọ ní wákàtí kan, òfin ò pè é ní golf cart mọ́. Eré tó tẹ́ bàálé mi lọ́rùn nìyẹn.

Wọ́n ń dá lọ ra búrẹ́dì àti tòmátò. Wọ́n ń dá lọ gẹrun, wọ́n ń lọ sí báńkì, wọ́n sì ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn fúnra wọn. Lóṣù kan tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó lọ gbà á, ọmọbìnrin tó ń ta oògùn ló pè wá lórí fóònù pé ṣé àlàáfíà ni. Mo gbàdúrà fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà. Lálẹ́, a máa ń lọ sí gbàgede Spanish Springs tàbí ti Lake Sumter Landing, níbi tí wọ́n ti ń kọrin láìgbowó. Bàálé mi a sì máa ròyìn gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Ọmọ wa àgbà ní ká máa fi íntánẹ́ẹ̀tì ra gbogbo nǹkan, kí wọ́n máa gbé e wá bá wa nílé. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ máa yan tòmátò wọn fúnra wọn. (Èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí nìkan la máa ń lọ rà jìnnà, ní Orlando. Èmi ni mò ń wakọ̀ lọ.)

Ohun kan ń dùn mí. Wọ́n ń kọ́lé lọ síhà gúúsù, ó ti dé ìlú Leesburg, kíákíá nilé ń jáde, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ò tètè tẹ̀ lé e. Ìyá kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kó lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú. Ilé náà dára, ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti lè ra mílíìkì jìnnà débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ dúró de ẹni tó máa gbé wọn lọ, wọn kì í sì í fẹ́ yọ èèyàn lẹ́nu. Mo máa ń lọ gbé wọn, ṣùgbọ́n èmi náà ń dàgbà. Tó bá sì di January, táwọn tó ń sá fún òtútù bá ti dé láti àríwá, ìlà á gùn níbi gbogbo. Àwọn tó ń tajà fún wa nínú gbogbo wàhálà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló ń wakọ̀ wá láti ìlú mìíràn, torí kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n kọ́lé ibí fún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 19 ò tilẹ̀ lè bá wa gbé ju 30 ọjọ́ lọ lọ́dún. Ó yẹ ká máa kí àwọn tó ń tajà fún wa dáadáa.

Lọ́dún tó ń bọ̀, mo máa lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ kọ́ńtì, níbi tí wọ́n ti ń fàyè gba aráàlú láti sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má máa fọwọ́ sí àdúgbò tuntun láìjẹ́ pé ibi ìtajà oúnjẹ àti ti oògùn wà nínú ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́. Màá mú ìyá yẹn dání tí wọ́n bá gbà. Bàálé mi ní àwọn náà ń bọ̀, àwọn sì máa sọ̀rọ̀.